Káríà Iwájú Kẹ̀kẹ́ Mi

Ọjọ́bọ̀, 10 Jánúárì 1957
Inú ń bí mi. Eyínfúnjowó ti de káríà mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ mi — n kò rán an níṣẹ́. Àbúrò ọkọ mi ni, ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Bẹẹrẹ. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, èmi ni mo fún un ní Eyínfúnjowó. Irin náà ga dé ọwọ́ kẹ̀kẹ́, àpò méjì rọ̀ sí i. Ó ní yóò gbé ẹrù mi dé Mọ́níyà tí mo ti ń ṣe tíṣà. Ó ní kí n dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12
Mo di ìwé àti gààrí sí i, mo gùn ún lọ sí Òjé. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí mo bá yà á díẹ̀, ẹrù a wọ́ ọ lọ jìnnà. Mo sọ fún Eyínfúnjowó pé ẹrù ga jù. Ó ní apá obìnrin ni kò ká a. Apá tí mo fi ń gúnyán tí ó ń jẹ.

Ọjọ́ Ajé, 14
Mo ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó. Orúnkún bó. Ewúrẹ́ jẹ gààrí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15
Japheth, ọkọ mi, ní bí mo bá tún ṣubú, kí n fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. Ṣé nítorí irin? Kò tilẹ̀ wo káríà náà lẹ́ẹ̀kan. Sùkúù yóò wọlé lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́bọ̀, 17
Mo fi okùn so àwọn àpò náà wálẹ̀, ní déédéé àárín táyà, mo fi igi há wọn kí wọ́n má kan sípóòkù. Ọ̀tún dọ́gba pẹ̀lú òsì. Ó wúwo láti yà, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n mọ́. Mo tilẹ̀ fi ọwọ́ kan kí èèyàn ní Bẹyẹrunkà. Mo délé — Eyínfúnjowó tú okùn náà. Ó ní mò ń ba iṣẹ́ ọwọ́ òun jẹ́. Mo sunkún ìbínú nínú yàrá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19
Ìyá ọkọ mi fẹ́ kó ọṣẹ dúdú láti Òjé. Mo ní kẹ̀kẹ́ wà, orúnkún mi ni kò tíì san. Ìyá bá rán Eyínfúnjowó — ó lè kọ̀ fún mi, kò lè kọ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ di ẹrù, ó ń tẹ̀ lé e bọ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Eyínfúnjowó gan-an ní Bẹẹrẹ ni ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun àti ọṣẹ bá ara wọn nínú gọ́tà. Ó dìde, ó ní obìnrin ló ti ba kẹ̀kẹ́ jẹ́. Ìyá bi í pé ta ló wà lórí rẹ̀ nígbà tó ṣubú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti sọ káríà náà kalẹ̀ dé àárín táyà, Ìyá dúró tì í.

Ọjọ́ Ajé, 21
Mo dé Mọ́níyà. N kò ṣubú.

Ọjọ́ Ẹtì, 25
Mo gba Bẹẹrẹ bọ̀. Mo bá Eyínfúnjowó tó ń kọ́ àwọn oníbàárà pé ẹrù iwájú gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, kí ó dọ́gba. Ó ní ọgbọ́n orí òun ni. Ìyàwó kò gbọdọ̀ bá ọmọ ilé jiyàn lójú ọjà, ṣùgbọ́n orúkọ tí ìyàwó yóò máa pè é, ọwọ́ ìyàwó ló wà. Mo gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, mo kúnlẹ̀ dáadáa.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́ṣẹ Bẹẹrẹ."

Oníbàárà kan bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí ta ọṣẹ. Mo délé, mo sọ ọ́ fún àwọn ìyàwó ilé. Nígbà oúnjẹ alẹ́, Ìyá náà pè é bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́.