Báàgì Tó Tóbi Jù fún Ẹ̀yìn Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kí n tó bọ́ kóòtù, mo máa ń da ìrẹsì kún ike dúdú kan tó tóbi tó ìkòkò ọbẹ̀. Màá yí ìdérí rẹ̀ títí yóò fi dún kọ́. Màá tì í sínú báàgì tí à ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, màá gbé báàgì náà sórí bẹ́ẹ̀dì, màá jókòó kẹ́yìn sí i, màá ki apá bọ okùn rẹ̀ méjèèjì, màá wá tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí n tó dìde. Lẹ́yìn náà, màá gun àtẹ̀gùn yàrá abẹ́ ilé tí mò ń gbé yìí lọ sókè, màá tún sọ̀ kalẹ̀. Auntie tó ni ilé ti ń pè mí ní alárù. Àwọn ọmọ wọn ń ya fídíò mi.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, Bàámi. Béárì ló fà á, ẹranko ńlá tí imú rẹ̀ mú ju ti ajá lọ. Kíláàsì wa ń lọ pàgọ́ nínú igbó níbi tí wọ́n pọ̀ sí, inú ike líle yìí nìkan ni oúnjẹ lè wà kí wọ́n má baà rí i jẹ. Àwa mẹ́rin la jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù, mo dákẹ́ bí ìṣe mi, ike sì di tèmi, ìyẹn ni mo ṣe ń fi ìrẹsì kọ́ bí màá ṣe rù ú.

Mo bá lọ sí ìsọ̀, mo mú báàgì tó tóbi jù níbẹ̀. Ta ló kọ́ mi? Ẹ̀yin ni! Bàtà ilé ìwé mi, ẹ máa ń ra èyí tó tóbi, ẹ ó ki òwú síwájú rẹ̀ kó lè pẹ́ lẹ́sẹ̀ mi. Yunifọ́ọ̀mù mi a máa gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi kò ní gùn mọ́, Bàámi! Bẹ́líìtì tó yẹ kó gbé ẹrù lé mi ní ìbàdí ti bọ́ sí itan, èjìká mi nìkan ló ń jìyà. Ike ń yí kiri nínú báàgì, ó ń gbá mi lọ́pàá ẹ̀yìn bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Mo fi súwẹ́tà há a, kò gbọ́. Mo gbé e sísàlẹ̀, ó fà mí sẹ́yìn. Mo gbé e sókè, mò ń ta gbọ́n-gbọ́n bí ọ̀mùtí. Lọ́jọ́ tí mo rà á, ọmọbìnrin tó ń tajà mú téépù wá láti wọn ẹ̀yìn mi, ojú tì mí, mo sáré sanwó. Kí ni mò ń tijú fún gan-an?

Lánàá, ó kù díẹ̀ kí n sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé n kò lọ mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé Toronto, ibi kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ti fi mí kún ara wọn nìyí. Tí n kò bá lọ, màá padà sí jíjẹun lẹ́yìn àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá. Ṣé ẹ̀yin náà dá wà báyìí nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé Ìbàdàn? Kí ló dé tí n kò bi yín rí?

Lọ́la, kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, màá wọ subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, lọ dá báàgì yìí padà. Màá gbé ike dání, ìrẹsì nínú rẹ̀. Màá jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀yìn mi, màá gbé òmíràn, màá rìn yí ìsọ̀ wọn ká. Tó bá dùn mí, màá la ẹnu mi sọ ọ́.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ ń múnú bí, tí àárò yín kò jẹ́ kó gbádùn.