Táǹkì Lipovka àti Ìyá Arseni

                                        Ilé Ìyá Arseni,
                                        Abúlé Lipovka,
                                        Agbègbè Tambov.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Keje, 1968.

Faina, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé Ignat ṣì ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì táǹkì ogun? Rimma ọmọ wa ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹni bíni là á jọ, inú mi dùn púpọ̀. Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ láti ìgbà tí o ti ń gbé àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, ṣé ó ti ń gbọ́ ìtọ́jú? Èmi náà wà, a dúpẹ́. Ìka ọwọ́ mi nìkan ló máa ń le nígbà òtútù, kò sì sí òtútù níbí báyìí.

Má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé. Abúlé yìí ti gba ọpọlọ lọ́wọ́ mi. Àwọn igi tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ti yọ òdòdó, òórùn wọn dùn bí afárá oyin, àwọn kòkòrò oyin sì ń kùn lórí wọn láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Bí mo bá jókòó sábẹ́ wọn, n kì í mọ ìgbà tí ojú mi ń pa dé. Kíkùn àwọn oyin a di ìró ẹ́ńjìnnì lọ́nà jíjìn, mà á sì rí bìrìgéèdì wa bó ṣe ń gba inú oko ọkà kọjá nínú kùrukùru òwúrọ̀, táǹkì lẹ́yìn táǹkì, láìyára, láìpariwo, bí ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọmọkùnrin wa á jókòó lórí wọn, wọ́n á máa jẹ búrẹ́dì dúdú. Kò sẹ́ni tó ń kú nínú àlá yẹn, Faina. N kì í fẹ́ jí.

Ọ̀gá Rodion, olórí wa lójú ogun, ló kó àwa mélòó kan wá síbí. Ó ti fẹ̀yìn tì, ìtàn bìrìgéèdì wa ló ń kọ, ikùn rẹ̀ sì ti yọ débi pé kò lè gba ẹnu ihò táǹkì kankan wọlé mọ́. O rántí pé àwọn obìnrin Lipovka ni wọ́n ta màlúù àti oyin wọn lọ́dún 1943 kí wọ́n lè ra táǹkì kan fún wa. A fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ abúlé wọn sí i lára. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọ tiwọn máa wà á, a sì gbé e fún Arseni, tó ti ń wa katakata lóko wọn kó tó wọṣẹ́ ogun.

Èmi àti ìwọ kúkú mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Oṣù kan kò pé tí táǹkì náà fi jóná nítòsí ìlú Orel. Ṣùgbọ́n àṣà bìrìgéèdì wa ni pé irin lè jóná, orúkọ kì í jóná. Èmi tí mò ń jó irin pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń tún táǹkì ṣe ni mo gbé búrọ́ọ̀ṣì, mo kọ Lipovka sára òmíràn. Ìyẹn náà jóná létí odò Vistula, mo tún kọ ọ́ sára òmíràn. Ẹ̀kẹta yìí ló wọ ìlú Praga nílẹ̀ òkèèrè, nígbà tí ogun ń parí. Kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn obìnrin náà. Ta ló fẹ́ sọ fún ẹni tó ta màlúù kan ṣoṣo tó ní pé ohun tó rà kò pẹ́ láyé?

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí òkúta ìrántí táǹkì náà níbí, Ọ̀gá Rodion gbóhùn sókè pé táǹkì wọn ló gbéra ní Orel tó fi wọ Praga. Gbogbo abúlé pàtẹ́wọ́. Arúgbó obìnrin kan ò pàtẹ́wọ́ ní tiẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀, Klavdia, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bá tì í léjìká.

"Ìyá Arseni, ṣé ẹ gbọ́? Praga o! Ọmọ yín ti fẹ́ obìnrin síbẹ̀, wọ́n ti fi ọbẹ̀ aládùn so ó mọ́lẹ̀. Ṣé ọbẹ̀ kábéèjì tiyín ló máa tún rántí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá Arseni náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ọkọ̀ àwọn akọ̀wé wa, tòun tìwé orúkọ àwọn tó kú, jóná nínú ìjà Orel kan náà, nítorí náà ohun tí ìjọba sọ fún obìnrin yìí ò ju pé ọmọ rẹ̀ sọnù, a ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Nígbà tí ìwé ìròyìn wá gbé e pé táǹkì Lipovka ti wọ Praga, ó gbà pé awakọ̀ rẹ̀ náà ti wọ Praga nìyẹn. Láti ìgbà náà ló ti ń retí rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, yóò máa retí ẹni tí ìwọ fúnra rẹ sin sábẹ́ igi ápù. Bí mo bá sì lanu, èmi ni mà á pa ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Mo bẹ̀rù, Faina, mi ò purọ́ fún ọ.

Kò jẹ́ kí n ronú pẹ́. Ó wá bá mi lórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi.

"Ṣé ìwọ lo máa ń tún táǹkì yẹn ṣe?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ta ló wà á wọ Praga?"

Ọ̀gá Rodion wúkọ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Ọmọ Vologda kan ni, Màmá. Táǹkì ọ̀tọ̀ sì ni. Arseni ò kọjá Orel. Iná ló pa á, òun àtàwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀."

Oyin kan bà lé e lọ́wọ́, kò lé e.

"Ṣó dá ẹ lójú?"

"Ojú mi ló ṣe, Màmá."

"Àbí ó wà láàyè, ó kàn kọ̀ mí sílẹ̀ ni?"

"Rárá o. Kò kọ̀ yín."

Igbe tó ké ò jọ igbe ọ̀fọ̀. "Klavdia! Ẹ gbọ́ o! Ọmọ mi ò kọ̀ mí! Ọmọ mi ò kọ̀ mí o!" Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Klavdia aláwàdà fi ìborùn bo ojú, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé wọn ò fẹ́ mú Arseni lọ sógun, torí wọ́n nílò awakọ̀ katakata lóko. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun á lọ. Inú bí ìyá rẹ̀. O mọ bí a ṣe ń ṣe: kí ẹni tó ń rìnrìn àjò tó jáde, gbogbo ilé á jókòó díẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìyá yìí kọ̀, kò jókòó. Ó gbé garawa, ó lọ sídìí kànga. Ọmọ náà dá jókòó, ó dá dìde, ó lọ. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìyá ń rò pé nítorí ìyẹn ni kò fi padà wálé.

Mo wá rántí ohun kan tí n kò kà sí nígbà náà. Arseni kì í ṣíná sí ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ pé gbogbo àwọn ará ọkọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ jókòó sórí ìtì igi tí a máa ń so mọ́ ẹ̀yìn táǹkì láti fi yọ ọ́ nínú ẹrẹ̀. Ó máa ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ jókòó síbẹ̀, ó gé orúkọ mi kúrú bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Kapa, dìde jàre. Àyè ìyá mi nìyẹn." Mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà ni. Mo sọ ọ́ fún ìyá náà bó ṣe sọ ọ́. Ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó fi àyè sílẹ̀, a sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí omi tíì tí wọ́n gbé wá fún wa fi tutù.

Ọ̀gá Rodion kùn pé mo ti ba odindi orí ìwé kan jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun á kọ ọ́ bó ṣe rí, táǹkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn yòókù ti lọ. Èmi ò tíì lè lọ.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé nìyí: jọ̀wọ́, wá pàdé wa ní Orel lóṣù tó ń bọ̀. Ìwọ nìkan lo mọ igi ápù náà. Lánàá, Klavdia gbé ápù tó kọ́kọ́ pọ́n wá. Ọdọọdún ni Ìyá Arseni máa ń jẹ ẹ́, torí nínú àṣà wa, ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá ti kú nìkan ni kì í fẹnu kan ápù tuntun títí di ọjọ́ àjọ̀dún ápù nínú oṣù Kẹjọ. Lánàá, ó rọra tì í padà. "Mi ò lè jẹ ẹ́. Abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ kú ni mí." Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nǹkan rẹ̀ padà fún. Ó ní tí ọjọ́ náà bá pé, abẹ́ igi ọmọ òun ni òun á ti jẹ ẹ́.

Bá mi kí Ignat àti Rimma. Ìyá Arseni ní kí n kí ọ, ìwọ tí o bá òun tẹ́ ọmọ òun sílẹ̀.

Èmi tí kò ní irú rẹ lọ́rẹ̀ẹ́ mìíràn,
Kapitolina.