Awò Ojú Tí Kì Í Ṣe Tèmi

                                        Ilé Alájà Mẹ́ta, Yàrá Òkè,
                                        Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Oníbọ́tìnnì,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún tó ń dà ọ́ láàmú ńkọ́, ṣé ó ti fara balẹ̀? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ti ìrìn àjò dé? Ọmọ rẹ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ṣé ara rẹ̀ ti mókun, ṣé ọmọ ń mu ọmú dáadáa? Bá mi gbé e jó. Àwa náà ò ṣàìsàn níbí. Ọkọ mi ṣì ń wa ọkọ̀ iléeṣẹ́ wọn tó kó wa wá sí ìlú yìí, òun ni mo sì fi lẹ́tà yìí rán, torí ó ń gbé ẹrù kọjá lọ́dọ̀ rẹ lọ́la. Àbíkẹ́yìn mi ti ga jù mí lọ, ṣùgbọ́n kò tíì ga tó ẹni tí ń fọ abọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi tí mo fi sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ ńkọ́? Ṣé ò ń da epo sí i? Má tà á o. Bí wọ́n bá lé mi níbí, òun ni n ó sáré padà sí.

O béèrè nínú lẹ́tà rẹ bóyá mo ti di ọ̀mọ̀wé. Rọra, jàre. O mọ̀ pé ohun tó gbé mi dé yunifásítì kò ju pé kí n gba ìwé ẹ̀rí, kí n kúrò ní igbákejì olùkọ́, kí n di olùkọ́ gidi níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní aṣọ rírán. Yunifásítì náà kéré. Bí èèyàn bá sín lẹ́nu géètì, wọ́n á gbọ́ ọ nílé ìkàwé. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo wá kọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í fún ẹnikẹ́ni níwèé ẹ̀rí àfi tó bá yege nínú ìṣirò. Kì í ṣe ìṣirò tí à ń fi tẹ́ẹ̀pù ṣe o. Ìṣirò onílẹ́tà ni. Wọ́n á so x mọ́ y bí ìgbà tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ ajá, wọ́n á wá ní kó o sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Mo ti kùnà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá tún kùnà ní òpin oṣù yìí, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé, ó parí nìyẹn.

Nítorí àwa tí a ti dàgbà kí a tó wá, wọ́n dá ètò pàtàkì kan sílẹ̀ lábẹ́ ọ́fíìsì tó ń tọ́jú akẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, Ẹ̀rín-Ò-Tán la sọ ọ́, torí bó o bá ní ilé rẹ ń jó, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "A dúpẹ́ pé ẹ sọ fún wa." Lọ́jọ́ tí a wọlé, wọ́n fún wa ní kọ́ọ̀pù àti báàgì tí wọ́n kọ "O Ò Dá Wà" sí lára. Lẹ́yìn náà wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń sùn. Mo ní bí a ṣe ń sùn! Èmi tí mo bí mẹ́rin, ọmọdébìnrin kan ń kọ́ mi pé kí n paná, kí n dijú. Wọ́n tún ní yàrá kan tí wọ́n ń pè ní Yàrá Ìfọ̀kànbalẹ̀, tìmùtìmù kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń da ìwé kọ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ariwo ló ń pa látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Agbaninímọ̀ràn wọn náà ò ju àkọ́bí mi lọ. Ó ní kí n jókòó, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí bóyá ọkàn mi máa ń fà sílé. Mo ní kí ló dé tí kò ní fà sílé, ṣebí ilé ni mo ti wá láàárọ̀, mo sì fi ọbẹ̀ sórí iná. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ká má purọ́, ohun kan wà tó dára nínú gbogbo rẹ̀: ẹ̀kọ́ àfikún ìṣirò, lọ́sàn-án Ìṣẹ́gun. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń kọ́ wa, Tíṣà Oníṣọ́ọ̀kì, torí ṣọ́ọ̀kì kì í tán lára aṣọ rẹ̀. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í pọ́n ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n yóò dúró tì ọ́ títí yóò fi yé ọ. Bí mo bá ṣì í, á ní, "Ìyá, ẹ tú u, ẹ tún un rán." Ó sì ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀.

Àṣé wọn ò ní jẹ́ kó yé mi tán. Àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn àlejò ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí náà sì ni àlejò máa ń dé. Bí wọ́n bá ti dé, Ẹ̀rín-Ò-Tán á yọrí lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré." Wọ́n á kó wa lọ jókòó ní gbọ̀ngàn, sídìí kọ̀ǹpútà tí wọn ò tíì so mọ́ iná láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, wọ́n á ní ká tẹjú mọ́ ọn. Àwọn àlejò á máa kọjá lẹ́yìn wa, wọ́n á máa mirí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ á di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n mú onífọ́tò wá. Wọ́n gbé ìwé ńlá kan lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀rín-Ò-Tán wò mí títí, ó ní ojú mi ò tíì jọ ojú ẹni tó ń kàwé. Ló bá bọ́ awò ojú akọ̀wé rẹ̀, ó fi kọ́ mi lójú. Ọ̀rẹ́ mi, ojú mi ṣú. N ò rí ìwé, n ò rí onífọ́tò. Ẹ̀rín tó o máa rí lẹ́nu mi nínú àwòrán yẹn, ẹ̀rín ẹni tó ń wá ọ̀nà ni. Òun ni wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó gàgàrà kan, wọ́n gbé e sẹ́nu géètì, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ètò Yìí Ló Là Mí Lójú." Àbíkẹ́yìn mi rí i, ó ní, "Màmá, ṣé ìpolówó oògùn ojú lẹ ṣe ni?"

Bí àwòrán mi ti ń ga, bẹ́ẹ̀ ni máàkì mi ń relẹ̀. Tíṣà fún wa ní ìdánwò kékeré kan, márùn-ún ni mo gbà nínú ogún. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, n ò ní purọ́ fún ọ. Mo rántí bí èmi àti ìwọ ṣe jọ kúrò nílé ẹ̀kọ́ nítorí ìṣirò yìí kan náà, tí a ní bí kò bá fẹ́ wa, àwa náà ò fẹ́ ẹ.

Ni wọ́n bá kéde pé àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí. Mo ránṣẹ́ pé n ò wá, mo gba yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ. Mo bá a lófìfo. Ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ní wọ́n ti wá mú Tíṣà, wọ́n so táì mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì ti mú un lọ jókòó níwájú ní gbọ̀ngàn kí àwọn àlejò lè rí i. Ẹ gbà mí o! Wọ́n mú olùkọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kó lè wá jẹ́rìí pé iṣẹ́ ń lọ. Orí mi gbóná, mo gba gbọ̀ngàn lọ tìbínútìbínú.

Bí Ẹ̀rín-Ò-Tán ṣe rí mi, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí owó he. Wọ́n ti gbé pátákó mi wọlé, ó dúró gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ó fà mí síwájú, ó fi máìkì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n sọ bí ètò náà ṣe ràn mí lọ́wọ́. O mọ ẹnu mi, kì í ṣe lásán lẹ fi ń pè mí ní Abẹ́rẹ́. Mo kí àwọn àlejò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ní ètò náà dára púpọ̀, pé bí kì í bá ṣe pé òun ló ń dí wa lọ́wọ́, à bá ti mọ ìṣirò. Mo ní ìbéèrè kẹrin ló yẹ ká kọ́ lónìí, pé ẹni tó yẹ kó kọ́ wa ló jókòó tì wọ́n yẹn bí àgbò tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Mo wá kọjú sí i, mo ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó jẹ́ pé bí nọ́ńbà bá ti sọdá sí òdì kejì, ó máa ń di àyọkúrò?"

Tíṣà tú táì. Ó ní kò síbi tí òun máa kọ ọ́ sí. Ọkùnrin kan nínú wa, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, dìde, ó yí àwòrán mi kọjú sí ògiri. Ẹ̀yìn pátákó náà funfun láúláú. Tíṣà gba mákà lọ́wọ́ onífọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Gbogbo àwọn tó wà nídìí kọ̀ǹpútà òkú fà súnmọ́ iwájú. Ẹ̀rín-Ò-Tán fẹ́ sọ̀rọ̀, àlejò àgbàlagbà kan nawọ́ sí i: "Ẹ dákẹ́ ná, Ma, ibi tó ti dà mí rú láti kékeré nìyẹn." Ọ̀rẹ́ mi, ó yé mi! Mo pariwo ńlá. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé a ti fi dánra wò ni.

Mo rò pé wọ́n á lé mi. Èyí tí wọ́n ṣe burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n gbóríyìn fún mi. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ògiri pé ẹ̀kọ́ náà wú àwọn àlejò lórí débi pé láti ìsinsìnyí lọ, iwájú àlejò nìkan ni yóò ti máa wáyé. Lọ́jọ́ tí kò bá sí àlejò, wọ́n á ti yàrá pa, Tíṣà á lọ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì míì. Mo sáré lọ bá Ẹ̀rín-Ò-Tán, mo ní Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. "Kò sí àlejò lọ́jọ́ yẹn, Màmá." Èyí tó tẹ̀lé e ńkọ́? "Kò sí àlejò." Bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ ìdánwò. Mo ní ta gan-an ni wọ́n ń pè ní àlejò? Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ti òde wá, tó fẹ́ wo bí a ṣe ń ṣe.

Ohun tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ nìyẹn. Oníbọ́tìnnì, wá. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ, kó o wọkọ̀ wá. Má purọ́ kankan. Bí wọ́n bá ní níbo lo ti wá, sọ pé ọ̀nà jíjìn. Bí wọ́n bá ní kí lo fẹ́ rí, sọ pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ àgbàlagbà ní ìṣirò. Ọkọ mi ló máa ṣe àlejò ní Ìṣẹ́gun kejì, ìyàwó awakọ̀ yẹn á gba ẹ̀kẹta. A ti pín in. Mú pẹ́ńsù dání, kó o sì jókòó síwájú, torí Tíṣà ò mọ àlejò yàtọ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́, ó lè bi ọ́ ní ìbéèrè. Ta ló mọ̀, bóyá ohun tó lé àwa méjèèjì jáde nígbà náà á yé ìwọ náà.

Bá mi kí ìyá rẹ, kí wọ́n má ṣe bínú pé n ò tíì fi nǹkan ránṣẹ́. Kí ìyá ọmọ tuntun, kí gbogbo àwọn oníbàárà wa tó ṣì ń béèrè mi. Má kọ èsì, ìwọ gan-an ni kó o dé. Bí Ẹ̀rín-Ò-Tán bá sì fẹ́ fi awò ojú kọ́ ọ lójú, sọ fún un pé o ríran.

                                        Èmi tí n ó dúró dè ọ́ lẹ́nu géètì,
                                        lábẹ́ àwòrán ara mi,
                                        Abẹ́rẹ́ rẹ.