Tẹ̀sùbáà Inú Àpò Aṣọ Iṣẹ́ Mi

                                        Ilé Agbẹ̀bí Ìsàlẹ̀-Ọjà,
                                        Òmù-Àrán.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Bélú, 1984.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Jùbrílù,

Ṣé dáadáa ni o? Fulera ìyàwó wa ńkọ́, ṣé oyún náà ò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́? Àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ ní Bàbáńlá ńkọ́, ṣé wọn ò tíì sọ ọ́ di arúgbó? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti là, mílíìkì sì ti di ohun tí à ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lásán. Ìyá ní kí n sọ fún ọ pé orúnkún àwọn ti sàn, àmọ́ kí o má tìtorí ẹ̀ dáwọ́ àdín tí ò ń fi ránṣẹ́ dúró.

Mo gba ìwé rẹ lọ́wọ́ awakọ̀ Òkè-Ọdẹ. Inú mi bàjẹ́ gan-an. O ní o tún gbàgbé ìwé ìdánwò sílé, pé ọ̀gá rẹ bú ọ lójú àwọn ọmọ, pé o fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lé ọ. Pẹ̀lẹ́, ọmọ ìyá mi. Fara balẹ̀ ná, kí n sọ ohun tí ojú èmi náà rí fún ọ.

O mọ̀ pé irú ọpọlọ kan náà ni Ọlọ́run fún àwa méjèèjì. Bí obìnrin bá ń rọbí lọ́wọ́, gbogbo ara mi ló máa ń wà níbẹ̀, n kì í ṣàṣìṣe. Àwọn iṣẹ́ kékèèké ojoojúmọ́ ló ń pa mí: ká se abẹ́rẹ́, ká ti kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, ká wọn ọmọ. Kí ẹnì kan ṣáà ti kí mi pé "Ẹ kú iṣẹ́", ohun tó kù láti ṣe ti fò lọ nìyẹn. Mo kọ ọ́ sórí bébà, bébà sọnù. Mo so kókó sí etí ìborùn, mo gbàgbé ohun tí mo torí ẹ̀ so ó. Má rẹ́rìn-ín o!

Lọ́jọ́ kan ni mo mú tẹ̀sùbáà mi, mo pín in fún iṣẹ́: ọmọ tẹ̀sùbáà kan, iṣẹ́ kan. Bí mo bá ti se abẹ́rẹ́ tán, mo fa ọmọ tirẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá pè mí lọ síbòmíràn, n ó fi òwú pupa so ibi tí mo dé. Jùbrílù, ó ṣiṣẹ́! N ò ṣí kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ mọ́.

Àmọ́ àwọn èèyàn ń wò mí. Ètè mi ń mì bí mo ṣe ń ka iṣẹ́ fún ara mi, wọ́n rò pé àsíkírì ni mò ń ṣe, pé orúkọ Ọlọ́run ni mò ń pè. Àwọn aláboyún sọ mí di Ìyá Àdínì. Bùkárì, aṣọ́nà wa, ní kí n bá òun tọrọ ọmọkùnrin. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo ṣe àmín.

Àfi bí àṣẹ ṣe dé láti Ìlọrin pé kí wọ́n fi orúkọ òṣìṣẹ́ tí kò kọbi ara síṣẹ́ ránṣẹ́, kí wọ́n lè dá a dúró. O mọ bí ìlú ṣe rí báyìí. Mátírọ̀nù wa, Mama Rúùtù ará Àrán-Ọ̀rin, tí eyín wọn kì í hàn, bá ránṣẹ́ pè mí.

Wọ́n ní, "Sàrátù, n ò bá ẹ̀sìn rẹ jà. Ṣùgbọ́n ìjọba ò gbà ọ́ síṣẹ́ àsíkírì. Orúkọ rẹ ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́."

Yéè! Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ ti lọ, wọ́n á sì ní onígbàgbọ́ lé mùsùlùmí, ó di ìjà ìlú. Bí mo bá sọ òótọ́, ta ló fẹ́ nọ́ọ̀sì tí ọpọlọ rẹ̀ kì í di nǹkan mú? Mo sọ òótọ́. Mo yọ tẹ̀sùbáà nínú àpò, mo ń tọ́ka: "Abẹ́rẹ́ nìyí, mà. Kọ́bọ́ọ̀dù nìyí. Ibi tí òwú wà yìí ni mo dé tí ẹ fi pè mí, n ò tíì wọn àwọn ọmọ."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ yẹ gbogbo ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ ti jinná, kọ́bọ́ọ̀dù wà ní títì, àwọn ọmọ ò sì tíì gun òṣùwọ̀n. Wọ́n padà wá jókòó, wọ́n yọ awò ojú wọn.

"Kí ló máa ń ṣe ọ́ gan-an?"

Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀. Mo sọ ọ́ títí, bó ṣe máa ń dà bíi pé gbogbo èèyàn ọjà ń pè mí lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Lọ wọn àwọn ọmọ." Orúkọ mi ò lọ sí Ìlọrin.

Bá mi kí Fulera dáadáa, kó má ru igi mọ́. Kí onílé rẹ àtàwọn ará ilé fún mi.

Jùbrílù, láti kékeré ni wọ́n ti ń fi ariwo bi wá pé kí ló ń ṣe wá. Mátírọ̀nù ni ẹni àkọ́kọ́ tó dúró gbọ́ èsì. Má tíì kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ sí ọ̀gá rẹ. Èmi ni kí o kọ̀wé sí. Kí ló máa ń ṣe ọ́ gan-an? Sọ gbogbo ẹ̀, bó ti wù kó gùn tó. N ò ní dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí èsì,
                                        Sàrátù.