Aláròyé Kò Kú, Oorun Ló Sùn

Ọmọ mi,

Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé wa ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde, ọwọ́ nìkan ni tirẹ̀. Ó fẹ́ fi "ọmọ mi àtàtà, ẹni bí ẹyin ojú mi" bẹ̀rẹ̀, mo ní kó pa á rẹ́, o kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu mi rí, o lè rò pé òkú ló ń kọ̀wé. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àìsàn mọ ilé yín, kó má sì jẹ̀ẹ́ kí ẹ gbọ́ ìròyìn tí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, àmín.

N kò kú. Nígbà tí o pe fóònù télọ̀, tí o ń sunkún, èmi fúnra mi ni mo gbé e sétí. Mo ń sọ fún ọ pé n kò kú lọ́wọ́ ni fóònù náà kú. Kò sì sí iná tí a lè fi bọ́ ọ, nítorí igi ti wó lu wáyà. Mo ní kí télọ̀ gbé bébà, bébà kì í kú. Aláròyé náà kò kú. Òun ni wọ́n rí lórí ọmọlanke, kì í ṣe èmi, oorun ló sì ń sùn. Bí o bá ti di ẹrù, tú u. Jókòó, kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

O mọ̀ pé orúnkún mi ti ń yọ mí lẹ́nu tipẹ́. Aláròyé ìyàwó àbúrò bàbá rẹ ní tirẹ̀ kò rí oorun sùn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn sùn. Àwọn dókítà kan wá sí ọsibítù wa láti ṣe ìwádìí. Wọ́n to bẹ́ǹṣì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan fún àwọn tí orúnkún ń dùn, ọ̀kan fún àwọn tí kì í rí oorun sùn, ọ̀kan fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan fún ojú. Ǹ bá jókòó sí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní ẹnì kan, bẹ́ǹṣì kan.

Dókítà obìnrin kan, tí kò lè ju àbúrò rẹ àbíkẹ́yìn lọ, ló ka ìwé àdéhùn fún wa kí a tó tẹ ìka sí i. Ó ní oríṣi oògùn méjì ló wà, wọ́n jọra débi pé ojú kò lè yà wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀kan ní oògùn nínú, èkejì jẹ́ òfìfo, ìyẹ̀fun lásán ni. Mo bi í pé èwo ni tèmi. Ó ní òun kò mọ̀. Mo ní ṣé nọ́ọ̀sì mọ̀, ó ní nọ́ọ̀sì náà kò mọ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà kan ní ìlú ńlá ló pín in, ẹnì kan tó ń ṣọ́ ọ nìkan ló mọ̀. Mo ti dàgbà, n kò rí ẹni tó ń tajà tí kò mọ ohun tó wà nínú igbá rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà mọ́. Ó ní oògùn tí a ń lò tẹ́lẹ̀ kò ní dúró, ẹni tó bá sì wù lè fi ìwádìí náà sílẹ̀ nígbàkigbà. Mo tẹ ìka, wọ́n kó oògùn tèmi fún mi.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó ro ọ̀rọ̀ náà. Èmi àti ìyàwó alágbẹ̀dẹ la jọ jókòó sí bẹ́ǹṣì orúnkún. Bí oògùn gidi bá bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, kí ni ẹnì kejì ṣe? A kì í bí ọmọ méjì ká bu oúnjẹ fún ọ̀kan, ká gbé àwo lásán fún èkejì. Mo ní kó gbé tirẹ̀ wá. A da gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ kan, mo rò ó pọ̀, a pín in dọ́gba. Bóyá kọ̀ǹpútà kò ní ìyá tó kọ́ ọ ní pínpín. Àwa ní.

Aláròyé bá bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwa ń pín ti orúnkún, kò sẹ́ni tó rántí òun. Onígbàjámọ̀ ló wà pẹ̀lú rẹ̀ ní bẹ́ǹṣì oorun, gbogbo wa sì ti rí i pé tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó fá ìdajì orí káfíńtà, oorun gbé e lọ kó tó kan ìdajì kejì, káfíńtà kò sì gbà kó fọwọ́ kan èyí tó kù mọ́. Mo ní kó gbé oògùn rẹ̀ wá. A pò ó mọ́ ti Aláròyé, a pín in. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti pọ̀ jù fún wa. Aláròyé ní bí ìdajì bá jẹ́ òfìfo, ẹni tó lo ẹyọ kan, ààbọ̀ ló lò, nítorí náà ó yẹ kéèyàn lò ó ní ìlọ́po. Ó jọ òótọ́ létí mi. Èmi ni mo bu ú fún un, ó sì kó o mì lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Nígbà tí oòrùn fi máa kàtàrí, a pè é, kò dáhùn. A wọ́n omi sí i lójú, kò mira. Mo bú u, mo bú u dé orí baba tó bí i lọ́mọ, kò fèsì. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí, torí Aláròyé kì í gba èébú kó má dá a padà. Ó ń mí, ṣùgbọ́n mímí náà fẹ́lẹ́. Káfíńtà ti ọmọlanke rẹ̀ dé, a fi aṣọ mi dì í, a gbé e sí i. Ìwọ náà rò ó wò: káfíńtà, ọmọlanke, ènìyàn tí a fi aṣọ mi dì, èmi lẹ́yìn wọn tí mo fi gèlè bojú. Ta ló máa rí i tí kò ní sáré pe fóònù?

Nígbà tí a dé ọsibítù, dókítà obìnrin yẹn bi mí pé kí ló lò. N bá lè purọ́. Télọ̀ ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí òun kọ ìyẹn, mo ní kó kọ ọ́. Mo wo Aláròyé lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sọ gbogbo rẹ̀, abọ́, pínpín, ìlọ́po, àti pé ọwọ́ mi ló bu ú. Ọmọ náà káwọ́ lérí. Kò bú mi. Ó pe ẹni tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lórí fóònù, ó ní kó ṣí àṣírí, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí. Ti onígbàjámọ̀ ló ní oògùn, ti Aláròyé ni òfìfo. Dókítà ṣírò ó, ó ní bí gbogbo èyí tó mì bá tiẹ̀ jẹ́ ti onígbàjámọ̀, kò tó èyí tó ń pa ènìyàn. Kí a jẹ́ kó sùn, kí nọ́ọ̀sì máa ṣọ́ mímí rẹ̀.

Mo jókòó tì í. N kò sunkún, ẹkún kì í jí ẹni tí èébú kò jí. Mo kàn ń rò ó pé bí eléyìí bá lọ, ta ni màá máa bá jà? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó la ojú kan, ó wò mí, ó ní, "Ìyálé, ta ló bọ́ bàtà mi?"

Ara mi wálẹ̀. Kí n tó fèsì, ó ti ń sọ pé bẹ́ẹ̀dì le, pé omi tí wọ́n fà sí òun lára tutù, pé ìgbà tí òun rí oorun gidi sùn tán ni èmi wá ń mí sí òun létí. Mo bú u, ó sì dá a padà.

Dókítà wá pe gbogbo wa jókòó. Ó ní bí a bá ń pín in, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ọmọ wa ló sì máa fowó ra ìyẹ̀fun jẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. N kò mọ̀ pé ẹni tó gba òfìfo pàápàá ń ṣiṣẹ́ fún ìwádìí. Ó yọ wá kúrò nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń tọ́jú wa. Wọ́n ti wá oògùn mìíràn fún Aláròyé, nọ́ọ̀sì ló ń fún un, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Táyà ọmọlanke káfíńtà bẹ́ lábẹ́ Aláròyé, fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Aláròyé ní òun fẹ́ ìrọ̀rí, fi ìyẹn kún un. Fi tèmi náà kún un, n kò ní ìdí kankan, èmi ni mo bí ọ. Má fi í sí báǹkì inú fóònù, torí fóònù ti kú, n kò sì mọ̀ bóyá owó inú rẹ̀ bá a kú. Kó owó náà fún awakọ̀ tó gbé ìwé yìí wá. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ já sí òfìfo. Oorun tí èèyàn ń jí nínú rẹ̀ ni wàá máa sùn.

Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin kó má gbéra. Sọ fún àbúrò mi ọkùnrin tó ti ń dáwó ìsìnkú mi jọ kó dá owó olówó padà, kó sì wá sọ fún mi ẹni tí kò dá. Lẹ́yìn náà, wá ẹni tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà yẹn rí, ìlú kan náà lẹ jọ wà. Sọ fún un pé Aláròyé jí, pé mo dúpẹ́. Má bi í nípa oògùn orúnkún. Bí ó bá fẹ́ sọ ọ́, di etí rẹ, kí o sì máa lọ. Lánàá mo gun òkè ilé alágbẹ̀dẹ láìdúró sinmi, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún orúnkún yìí pé kò yẹ kó lè ṣe é.