Màmá Yìnyín ti Bertrams

Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún, 2025
Iṣẹ́ tuntun, ìtọ́jú arúgbó, ní Bertrams wa níbí, ní Jo'burg. Màmá Lotte, ará Jámánì, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Gbogbo òyìnbó àdúgbò ti kó lọ tipẹ́ — àwọn nìkan ló kù. Ọmọ wọn, Dieter, fẹ́ kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Durban. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọn ò sọ ìdí. Wọn ò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn. "Yivola" ni wọ́n ń pè mí. Yíwọlá ò ṣe é pè lẹ́nu wọn.

Ọjọ́rú, 7
Wọ́n gbà kí n fọ ẹsẹ̀ wọn. Ọmọ ìka ti gun ara wọn. Bàtà onírin ló ṣe é, wọ́n ní, èyí tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín. Àwọn ló gba ipò kìíní láàárín àwọn obìnrin Jámánì, lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà," bí ẹni tí ń tan ọmọdé. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní kí n ṣí dúrọ́ọ̀ kejì. Fọ́tò. Àwọn nìyẹn, wọ́n fò sókè téńté lórí yìnyín, yẹ̀rì wọn ṣí bí agboorùn — kọ́tìnì ni ìyá wọn fi rán an, aṣọ wọ́n lẹ́yìn ogun. Eish! Mo bẹ̀ wọ́n. Láti òní lọ, Màmá Yìnyín ni mo ń pè wọ́n.

Àbámẹ́ta, 10
Tẹjú ọmọ mi tẹ̀lé mi lọ. Kí n tó se ọbẹ̀ tán, Màmá ti bọ́ bàtà rẹ̀, wọ́n ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìbọ̀sẹ̀ yọ̀ lórí pákó kọ́rídọ̀. "Mummy, she's so strict. I love her."

Àìkú, 11
Tẹjú ń yọ̀ kiri orí táìlì ṣọ́ọ̀ṣì, àdúrà ń lọ lọ́wọ́. Ó yẹ kí n fa etí rẹ̀. Ẹ̀rín ló pa mí.

Ọjọ́bọ̀, 15
Màmá sọ ìyókù ìtàn wọn. Lọ́dún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n borí, wọ́n lọ bá àwọn obìnrin ilẹ̀ mìíràn díje. Wọ́n ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò parí eré náà, wọ́n jáde. Kò pé oṣù mẹ́fà, wọ́n lọ́kọ, wọ́n bá a wá sí Jo'burg.
"Gbogbo èèyàn rò pé ìfẹ́ ló gbé mi wá. Mo sá ni, Yivola. Mi ò tún ní sá kúrò níbì kankan mọ́."
Wọ́n ní, "Mú mi lọ sórí yìnyín. Ẹ̀ẹ̀kan péré."
Mo pe Dieter. Ó ní bí ìyá òun bá fi lè ṣubú, kí n wá iṣẹ́ míì.

Ajé, 19
Ọjọ́ mẹ́ta, Màmá ò jẹun dáadáa. Mo tún pe Dieter. "Sà, ṣé ẹ ti rí Màmá lórí yìnyín rí?" Rárá. Kò rí fọ́tò náà pàápàá rí. Mo yà á, mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èsì kan ṣoṣo: "Mò ń bọ̀ ní Sátidé."

Àbámẹ́ta, 24
Gbọ̀ngàn yìnyín kan, lápá àríwá ìlú. Màmá wọ bàtà onírin. Dieter di ọwọ́ ọ̀tún wọn mú, èmi di ti òsì. Láàárín gbùngbùn, wọ́n ní ká fi àwọn sílẹ̀. Dieter ní rárá. Wọ́n fi èdè wọn sọ nǹkan kan fún un, jẹ́jẹ́. Ó tú ọwọ́ sílẹ̀. Èmi náà tú u.
Wọ́n yọ̀. Kò gùn ju bẹ́ẹ̀dì kan lọ. Wọ́n dúró, wọ́n tẹrí ba fún èrò tí àwọn nìkan rí. Tẹjú ń pàtẹ́wọ́. Dieter ń sunkún — bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún.
Nínú mọ́tò, ní robot, iná ojú pópó tó kángun sílé, wọ́n ní, "Dieter, mo ti parí eré náà wàyí. Jẹ́ ká máa lọ sí Durban."
Inú mi dùn sí i. Mo délé, mo wọ balùwẹ̀, mo ṣí omi sílẹ̀ kí Tẹjú má baà gbọ́ ẹkún mi.