Fọ́tò Etí Omi Tí Ẹ Gbé Kọ́ sí Pálọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Ìyá Tósìn, ọmọ ìjọ wa ní Wakefield nílẹ̀ òyìnbó níbí, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí ẹ mọ̀ pé mi ò kàwé. Mo ní kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn kún un. Mo kí gbogbo ilé, ọmọdé àti àgbà. Délé tí yóò ka lẹ́tà yìí, kọ́kọ́ rí i pé ìyá rẹ jókòó, kí o sì pe gbogbo ará ilé jọ. Mi ò ní lè máa sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n mi, Káyọ̀dé ọmọ mi ti kú. Ó ti lé ní oṣù méjì. Ó ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó ní òun ò tíì fẹ́ jẹun, kí n jẹ́ kí òun sùn díẹ̀. Nígbà tí mo lọ jí i fún oúnjẹ ọ̀sán, ara rẹ̀ ti tutù. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀.

Fọ́tò mi tí ẹ rí, ọjọ́ tí wọ́n sin ín la yà á. Ẹ mọ̀ pé òbí kì í dé ibojì ọmọ. Àwọn àgbà ìjọ ní bí mo bá jókòó sílé, ẹsẹ̀ mi lè gbé mi lọ síbẹ̀. Ni Ìyá Tósìn bá fi mọ́tò gbé mi jáde ní kùtùkùtù. Ó wa mọ́tò fún wákàtí méjì kí a tó dé ibi adágún kan láàárín òkè. Ó ní omi máa ń tu ènìyàn nínú. Kò tù mí nínú. Òkè náà ò tó òkè Ìdànrè tiwa. Omi kàn dúró sí àárín rẹ̀ bí omi inú àwo, igi tí ewé rẹ̀ ti pọ́n yí i ká. Òtútù mú mi dé egungun. Àwọn òyìnbó ń ya fọ́tò kiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé ọjọ́ òní mà dára. Mo ní kí Ìyá Tósìn bá mi dá a lóhùn pé a dúpẹ́.

Mo bi í pé aago mélòó ló lù. Ó ní òun ò wo aago. Mo ní èmi tí mo ti bímọ márùn-ún, kó má ṣe tàn mí bí ọmọdé. Ó wá ní aago mọ́kànlá. Àkókò tí wọ́n ń gbé e sínú ilẹ̀ nìyẹn. Mo ní kó yà mí, kí n lè mọ ibi tí mo wà nígbà náà. Bó ṣe gbé fóònù sókè, ó ní kí n rẹ́rìn-ín. Ó kàn já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, bó ṣe máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ yẹn ẹ ń pè, ẹ ní ohùn mi yàtọ̀. Nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru yín, mo ní kí wọ́n fi fọ́tò náà ránṣẹ́ kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ẹ bi mí pé ta ló yà á, mo ní Káyọ̀dé ni. Irọ́ ẹnu èmi ni, ẹ má bínú sí ẹlòmíì. Ẹ ní ọwọ́ rẹ̀ dára, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ gbé e kọ́. Mo gbọ́, mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní Káyọ̀dé ni yóò wá ya yín nígbà tí ẹ bá pé ọgọ́rin ọdún, pé ẹ ò ní pe onífọ́tò mìíràn. Mi ò lè jẹ́ kí ẹ jókòó dè é.

Ìyàwó rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni mo ń mú ọmọ wọn lọ síléèwé. Kì í béèrè bàbá rẹ̀ mọ́. Ilé máa ń dákẹ́ títí di aago mẹ́ta. Mi ò ṣàìsàn, mò ń jẹun.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ẹ ò ní sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹbí.

Èmi tí ẹ tọ́ dàgbà lẹ́yìn ìyá wa,
ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́.

Bàbá Ọlá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Kí àgbà méjì lọ bá wọn láàárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun. Lẹ́yìn náà, kí Délé lọ bá Súlè, ọ̀rẹ́ Káyọ̀dé, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ṣì ń pe fóònù Káyọ̀dé, ọwọ́ mi ló sì wà. Kí Délé ní kó máa pe tèmi.